Ẹ Má Tíì San Dọ́là Kankan: Ìdáhùn fún Tíṣà Kan ní Òmù-Àrán

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Òmù-Àrán ni mò ń gbé. Èmi àti àwọn ọmọ méjì tí mo kọ́ níwèé nígbà kan la jọ ń kọ ìtàn àwọn ìlú Gúúsù Kwara sórí wẹ́ẹ̀bù WordPress kan, a sì ń gbé fídíò sórí YouTube àti Facebook. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, àmọ́ wọ́n ní ká kọ́kọ́ fi hàn pé àwọn èèyàn ń kà á lóòótọ́. Facebook ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló rí i, wẹ́ẹ̀bù wa ní èèyàn díẹ̀ ló wá. Èwo ni ká gbà gbọ́? Ọmọkùnrin kan ní Ìlọrin ní òun máa bá wa so irinṣẹ́ analytics kan, ìyẹn èyí tó ń ka àwọn tó wá sórí wẹ́ẹ̀bù, mọ́ ọn, dọ́là la ó sì máa san lóṣooṣù. Ṣé ká san án?"

Ìdáhùn:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ nídìí ẹ̀. Èsì mi ni pé kí ẹ má tíì san dọ́là kankan. Ohun tí ẹ nílò báyìí wà lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ọmọ méjèèjì yẹn sì lè so ó mọ́ wẹ́ẹ̀bù yín láàárín ọ̀sán kan. Èyí tó gba àròjinlẹ̀, tí mo sì fẹ́ fara balẹ̀ bá yín sọ, ni ohun tó yẹ kí ẹ máa wò lẹ́yìn tí wọ́n bá so ó tán. Mo mọ iléeṣẹ́ tó ń san owó gidi lórí irinṣẹ́ báyìí ní Ìlọrin níbí, tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí i wò àyàfi ọjọ́ tí ọ̀gá bá ní kí wọ́n mú ìròyìn wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ Facebook àti wẹ́ẹ̀bù. Kò sí èyí tó ń parọ́ nínú àwọn méjèèjì, ohun tí wọ́n ń kà ló yàtọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró níwájú kíláàsì tipẹ́ á tètè mọ ohun tí mò ń sọ: iye orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà kọ́ ni iye ọmọ tó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ohun tí Facebook ń pè ní reach ni iye àkáùǹtì tí iṣẹ́ yín kọjá lójú wọn. Ẹni náà lè má dúró rárá, ó lè máa wá àwòrán ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ kiri. Díẹ̀ nínú wọn ló tẹ líǹkì. Nínú àwọn tó tẹ líǹkì náà, àwọn kan ò dé ọ̀dọ̀ yín, torí nẹ́tíwọ̀kì ti dá kú kí ojú-ìwé tó ṣí, ẹ sì mọ bí nẹ́tíwọ̀kì ṣe ń rí nígbà tí èèyàn bá kúrò ní Ajàṣẹ́-Ìpo tó ń wọ inú ìgbèríko. Irinṣẹ́ tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù kò lè mọ ẹni tí ojú-ìwé ò ṣí fún. Ìdí nìyẹn tí iye líǹkì tí Facebook sọ pé wọ́n tẹ̀ fi sábà máa ń ju iye èèyàn tó dé lọ.

Iye kẹta kan wà tó tún lè da orí yín rú. Bí àwọn ọmọ yín bá wọ cPanel, ìyẹn ibi tí ẹni tó ta àyè wẹ́ẹ̀bù fún yín ti ń jẹ́ kí ẹ ṣètò nǹkan, wọ́n lè bá AWStats níbẹ̀, iye tiẹ̀ á sì pọ̀ gan-an. Ẹ má gbé e lọ fún ẹgbẹ́. Àkọsílẹ̀ ohun tó bá kan ilẹ̀kùn sáfà yín, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wẹ́ẹ̀bù yín wà lórí rẹ̀, ló fi ń kà, ọ̀pọ̀ róbọ́ọ̀tì tó ń rìn kiri íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru tí kò dá mọ̀ sì máa ń wọ inú iye náà. Google Analytics, irinṣẹ́ Google tó ń ka èrò wẹ́ẹ̀bù, máa ń yọ àwọn róbọ́ọ̀tì tó bá dá mọ̀ kúrò kó tó kà.

Kí ẹ tó yan irinṣẹ́, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ náà kí ẹ kọ àwọn ìpinnu tó wà níwájú yín sílẹ̀. Ìlú wo lẹ máa kọ ìtàn rẹ̀ tẹ̀ lé èyí? Ṣé Yorùbá lẹ ó fi kọ ọ́ ni, àbí Gẹ̀ẹ́sì, àbí méjèèjì? Ṣé agbára yín á lọ sórí fídíò ju ìwé kíkọ lọ? Báwo ni fídíò ṣe yẹ kó gùn tó? Ti ẹgbẹ́ ìlú yàtọ̀ sí ìyẹn: wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ìlú ń kà á, nílé àti lẹ́yìn odi, àti bóyá wọ́n ń padà wá. Iye yòówù tó bá gòkè tàbí tó bá wálẹ̀ tí kò sì ní yí ọ̀kan nínú àwọn ìpinnu wọ̀nyí padà, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò lórí ẹ̀. Láìkì wà lára irú iye bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi láìkì kí yín bí ẹní ń juwọ́ sí yín lójú títì, wọn ò sì ka ìlà kan.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi plugin (àfikún kékeré) tó ń jẹ́ Site Kit sórí WordPress yín. Google ló ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Òun ló máa so Google Analytics àti Search Console mọ́ wẹ́ẹ̀bù yín, ẹ ó sì lè rí ohun tó ṣe kókó láti inú WordPress fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ń wọ ibi mẹ́ta. Nínú ètò rẹ̀, wọ́n lè ní kó má ka ẹni tó bá wọlé sí WordPress gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ o, nítorí pé wẹ́ẹ̀bù yín ṣì kéré, ọmọ méjì tó ń ṣí i látàárọ̀ dalẹ́ láti ṣàtúnṣe lè jẹ́ ìdajì èrò ọjọ́ náà.

Google Analytics tó wà lóde báyìí ni wọ́n ń pè ní GA4. Ọdún 2020 ló jáde. Èyí tó wà ṣáájú rẹ̀, Universal Analytics, ti ṣíwọ́ kíka èrò láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2023. Mo mẹ́nu ba èyí torí pé ọ̀pọ̀ fídíò ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ yín máa bá pàdé ṣì ń kọ́ni ní ti àtijọ́. Bí ohun tó wà nínú fídíò ò bá jọ ohun tó wà níwájú wọn, fídíò náà ló ti gbó.

GA4 máa ń ka àbẹ̀wò kan sí èyí tó nítumọ̀ bí ẹni náà bá lò ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ, tàbí tó bá ṣí ojú-ìwé méjì, tàbí tó bá ṣe ohun kan tí ẹ ti sàmì sí pé ó ṣe pàtàkì. Ìṣẹ́jú-àáyá 10 kéré púpọ̀ fún irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Ẹni tó lo ìyẹn lórí ìtàn ère Èsìẹ́ kò tíì ka ìpínrọ̀ kìíní tán. Ẹ lè gbé e dé 60, èmi á sì ní kí ẹ fi sí 30. Àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é, torí bí ẹ bá yí i padà láàárín ọ̀nà, ẹ ò ní lè fi oṣù tó kọjá wé oṣù tó ń bọ̀ mọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n tún wọ ibi data retention, ìyẹn iye oṣù tí GA4 máa fi tọ́jú àkójọ, kí wọ́n sún un láti oṣù méjì sí oṣù 14. Bí wọn ò bá ṣe é, nígbà tí ẹ bá fẹ́ tú iṣẹ́ èṣí wò fínnífínní ní apá Explore, ẹ ò ní bá nǹkan kan níbẹ̀.

Iye tí mo fẹ́ràn jù nínú GA4 ni àkókò tí èèyàn lò lórí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ojú-ìwé yín bá wà níwájú ẹni náà nìkan ló ń kà. Bí ó bá yí sí WhatsApp, kíkà náà dúró. Kí ọkàn yín má ṣe bàjẹ́ bí àkókò náà bá kúrú o. Tony Haile, tó jẹ́ olórí Chartbeat, iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn ilé ìròyìn ka èrò wọn, nígbà náà, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Time ní 2014 pé àwọn tó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó ń ṣí ojú-ìwé kì í lò tó ìṣẹ́jú-àáyá 15 lórí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn ilé ìròyìn ńlá pàápàá. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má fi iye yín wé ti ẹlòmíràn. Ẹ fi ìtàn yín kan wé èkejì. Bí wọ́n bá ń lo ìṣẹ́jú méjì lórí ìtàn Ìgbàjà, tí wọn ò sì lo ààbọ̀ ìṣẹ́jú lórí ìtàn Ọ̀fà tó gùn bákan náà, ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ kà á sókè. Ẹ ó gbọ́ ibi tí ọ̀kan ti ń fà.

GA4 tún máa ń sọ iye èèyàn tó fa ojú-ìwé dé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún gígùn rẹ̀. Ó dùn ún ní, àmọ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú-ìwé yín dáadáa. Bí àwòrán ìpolówó, àkójọ "ẹ tún ka èyí" àti fọ́tò olùkọ̀wé bá gba àyè tó pọ̀ lẹ́yìn ìtàn, ẹni tó ka ìtàn tán pátápátá kò ní dé ìdá 90, irinṣẹ́ á sì máa sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó ń kà á dópin. Ẹ gé ìsàlẹ̀ yẹn kúrú.

Ọ̀rọ̀ wá kan WhatsApp, níbi tí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé yín ti ń wá. Bí ẹnì kan bá tẹ líǹkì yín nínú WhatsApp, GA4 kì í sábà mọ ibi tó ti wá. Abẹ́ Direct ló máa kọ ọ́ sí, bí ẹni pé ẹni náà fúnra rẹ̀ ló tẹ àdírẹ́sì yín. Kì í ṣe ìṣòro tiwa nìkan: láti 2012 ni akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà kan, Alexis Madrigal, ti pe irú èrò tó ń gba ọ̀nà kọ̀rọ̀ wá báyìí ní dark social. Níbi tó ti jẹ́ pé gúrúùpù ẹbí, gúrúùpù mọ́sáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, gúrúùpù ọmọ ìlú àti ti àwọn tó jọ jáde ilé-ìwé ni ìròyìn ti ń rìn, ẹ lè rí Direct tó gba púpọ̀ nínú èrò yín, kẹ́ ẹ máà mọ gúrúùpù tó gbé yín.

Ọ̀nà àbáyọ wà, kò sì gba owó. Ẹ fi àmì sí ìdí líǹkì kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ wò ó bó ṣe máa rí lẹ́yìn orúkọ wẹ́ẹ̀bù yín:

/itan-esie/?utm_source=whatsapp&utm_medium=social&utm_campaign=omo-ilu-london

Ohun tó wà lẹ́yìn source ni ibi tó ti wá, èyí tó wà lẹ́yìn medium ni irú ọ̀nà tó gbà wá, campaign sì ni orúkọ tí ẹ̀yin fúnra yín bá fún un. Èyí tí ẹ máa fi sí gúrúùpù ọmọ ìlú ní Ìlọrin, ẹ kọ omo-ilu-ilorin sí i, ti Èkó omo-ilu-eko, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí oṣù bá parí, ẹ wọ Traffic acquisition nínú GA4, ẹ ó rí gúrúùpù tó mú èèyàn wá, ẹ ó sì rí bí wọ́n ṣe pẹ́ tó nígbà tí wọ́n dé. Ó ṣeé ṣe kí gúrúùpù tó ń pariwo jù má mú ẹnikẹ́ni wá, kí èyí tó dákẹ́ rọ́rọ́ sì jẹ́ ibi tí àwọn òǹkàwé gidi wà.

Nǹkan mẹ́ta ni kẹ́ ẹ ṣọ́ níbẹ̀. Lẹ́tà kékeré ni kí ẹ máa lò nígbà gbogbo, torí GA4 ka WhatsApp àti whatsapp sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́yìn oṣù mélòó kan àkójọ yín á ti dàrú. Ẹ má fi àmì yìí sórí líǹkì tó ń ti ojú-ìwé yín kan lọ sí òmíràn, ó lè da àkọsílẹ̀ ibi tí ẹni náà ti wá gan-an rú. Ẹ sì rántí pé àmì náà máa ń bá líǹkì rìn. Bí ẹnì kan ní gúrúùpù Ìlọrin bá fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Jámánì, omo-ilu-ilorin ni yóò ṣì máa jẹ́. Èyí dára lójú tèmi, nítorí ó fi hàn yín pé gúrúùpù náà ń tan iṣẹ́ yín kálẹ̀. Bí ẹ bá rí Jámánì lábẹ́ omo-ilu-ilorin, ẹ mọ ọ̀nà tó gbà.

Líǹkì tó gùn báyìí máa ń ba àwọn àgbà lẹ́rù, wọ́n á rò pé oníjìbìtì ló fi ránṣẹ́. Àwọn kan máa ń fi Bitly gé e kúrú, àmọ́ ìyẹn fi orúkọ yín pamọ́, ìfura náà á tún pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lo plugin Redirection, kí líǹkì kúkúrú tó ní orúkọ wẹ́ẹ̀bù yín gan-an máa gbé èèyàn lọ sórí èyí tó gùn.

Search Console ni irinṣẹ́ tí mo rò pé ẹ̀yin fúnra yín máa gbádùn jù gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ sí Google tó fi gbé ojú-ìwé yín jáde, iye ìgbà tí ó gbé e jáde, àti iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń tọ́jú rẹ̀ fún oṣù 16. Kì í ṣe ìgbà tó bá ṣẹlẹ̀ gan-an ló ń fi hàn, ó lè tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí iye náà tó pé, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ tí èèyàn díẹ̀ péré tẹ̀ hàn kó má bàa tú àṣírí wọn. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí bí àwọn èèyàn ṣe ń kọ orúkọ ìlú wa. Ọ̀pọ̀ ni kì í fi àmì ohùn sí i, àwọn kan á tẹ Offa, àwọn kan á tẹ Ofa, ẹni tó sì tẹ "itan ofa" lè máa wá ìtàn ọfà tí ọdẹ ń ta, kì í ṣe ti ìlú ìjàkadì. Ẹ má torí èyí yọ àmì ohùn kúrò nínú iṣẹ́ yín o. Ẹ kọ Ọ̀fà bó ṣe yẹ nínú ìtàn, kí ẹ sì kọ Offa, Kwara sínú àkọlé tàbí àpèjúwe kúkúrú tí Google ń gbé jáde, kí ẹni tó ń wá ìlú náà lè rí yín.

Ẹ wo ojú-ìwé tí Google ń gbé jáde púpọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àkọlé rẹ̀ ni ìṣòro. Ká ní ẹ kọ "Ohun Àjogúnbá Wa" sórí ìtàn ère Èsìẹ́. Àkọlé náà dùn létí, àmọ́ ọmọ ilé-ìwé tó ń wá mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣí ní Èsìẹ́ ní 1945, kò ní mọ̀ pé ibẹ̀ ni ohun tó ń wá wà. Ẹ kọ "Ère Èsìẹ́: Ìtàn Àwọn Ère Òkúta àti Mùsíọ́mù Àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà", kí ẹ tún padà wò ó lẹ́yìn oṣù kan.

Ní ti fídíò, YouTube Studio ti tó yín, kò sí irinṣẹ́ tí ẹ máa rà tó máa mọ̀ jù ú lọ. Ẹ ṣí fídíò kan, ẹ wọ Analytics, ẹ wá ìlà tó ń fi hàn bí àwọn èèyàn ṣe dúró tó. Láti òkè ni ìlà náà ti ń bẹ̀rẹ̀, á sì máa wálẹ̀ bí àwọn èèyàn ṣe ń lọ. YouTube á sọ fún yín iye nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣì ń wò nígbà tó di ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àṣà wa ni láti kí èèyàn dáadáa ká tó sọ̀rọ̀: àmì ẹgbẹ́ á kọ́kọ́ yí, orin á dún, a ó kí kábíyèsí, a ó kí àwọn ìjòyè, a ó kí ọmọ ìlú nílé lóko. Lójú ìlà yẹn, ẹ lè rí i pé ọ̀pọ̀ ti lọ kí orúkọ ìlú tí ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ tó jáde. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má kí èèyàn. Ẹ jẹ́ kí ohun tó wúni lórí jù nínú ìtàn náà ṣáájú, kí ìkíni tẹ̀ lé e.

Níbi tí ìlà náà bá lọ gbọọrọ láìwálẹ̀, wọ́n jókòó. Níbi tó bá gòkè díẹ̀, wọ́n fà á padà láti tún un gbọ́ ni, tàbí wọ́n fo ibòmíràn láti dé ibẹ̀. Bí ìlà bá gòkè níbi tí ìyá àgbà kan ti ń ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀, YouTube ti fi ọ̀rọ̀ tí ẹ máa gbé lọ bá ẹgbẹ́ ìlú lé yín lọ́wọ́: àwọn èèyàn fẹ́ oríkì, ẹ jẹ́ ká gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà pẹ̀lú wa. Èmi ò mọ iye láìkì tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún iye views (iye ìgbà tí wọ́n wò ó) ti Shorts, àwọn fídíò kúkúrú YouTube. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2025 ni YouTube ti ń ka ìgbàkígbà tí Short bá ṣáà ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni náà tilẹ̀ fò ó kọjá lójú ẹsẹ̀. Engaged views, ìyẹn iye ìgbà tí èèyàn dúró wò ó, ni kí ẹ wò dípò ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Facebook, tó ń ka ẹni tó wo fídíò fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 lọ́tọ̀, tó sì ń ka ẹni tó wò ó tó ìṣẹ́jú kan lọ́tọ̀. Ti ìṣẹ́jú kan ni kẹ́ ẹ mú.

Àwọn irinṣẹ́ yòókù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Matomo, tó ń jẹ́ Piwik títí di 2018, dára fún ẹni tí kò bá fẹ́ kí Google mú àkójọ òǹkàwé rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni bí ẹ bá gbé e sórí sáfà yín, àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa tọ́jú rẹ̀. Plausible àti Umami rọrùn láti kà, kóòdù wọn fúyẹ́ gan-an, ìyẹn sì ń dín dátà òǹkàwé kù. Bí GA4 bá sú yín, ibẹ̀ ni màá darí yín sí. Microsoft Clarity, ọ̀fẹ́ ni òun náà, ń fi hàn bí èèyàn ṣe ń fa ojú-ìwé àti ibi tó ń tẹ̀. Ó wúlò fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì nígbà tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń lé èèyàn lọ, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ ọ́. Chartbeat àti irú rẹ̀, ilé ìròyìn tó ń gbé ìròyìn jáde ní wákàtí wákàtí ló wà fún. Bí irú èyí ni ọmọkùnrin Ìlọrin yẹn fẹ́ tà fún yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a padà.

Irinṣẹ́ tó bá wù kó jẹ́, àwọn ibì kan wà tí kò ní ríran. Opera Mini, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò láti fi dín dátà kù, máa ń ṣe ojú-ìwé tán lórí sáfà tirẹ̀ kó tó gbé e wá sórí fóònù bó bá wà lórí ètò tó ń dín dátà kù jù, nítorí náà GA4 lè má mọ bí ẹni náà ṣe pẹ́ tó tàbí bó ṣe kà á dé ibi kan. Ẹni tó bá fi bùráúsà inú Facebook wò yín láàárọ̀, tó tún fi Chrome wò yín lálẹ́, èèyàn méjì ni. Ní ti ìlú, ẹ má gba ohun tí GA4 sọ gbọ́ rárá. Ibi tí iléeṣẹ́ fóònù ti já sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń wò, ẹni tó jókòó sí Òmù-Àrán tàbí Tanke ní Ìlọrin lè jáde bí ará Èkó. Orúkọ orílẹ̀-èdè ṣeé gbára lé jù. Mo ń sọ èyí kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ má baà dìde pé àwọn ará Èkó nìkan ló ń ka ìtàn wa, pé kí ni ti ìlú nínú ẹ̀.

Ohun kan wà tí irinṣẹ́ kankan kò lè kà, mo sì fẹ́ kí ẹ mú un ní pàtàkì ju gbogbo wọn lọ. Ìtàn ìlú lẹ ń kọ. Nígbà tí bàbá kan bá gbé fóònù ọmọ rẹ̀, tó fi ohùn ránṣẹ́ sí yín pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni, pé ilé báyìí ló kọ́kọ́ tẹ̀dó kí ilé báyìí tó dé, ẹni yẹn ti ka iṣẹ́ yín dé egungun. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan fún irú èyí. Ẹ kọ ọjọ́, ìtàn tó sọ̀rọ̀ lé lórí, ohun tó sọ, àti bóyá ẹ ti ṣàtúnṣe. Ní ìsàlẹ̀ ìtàn kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè ìbéèrè kan tó ṣe pàtó, irú bíi "Ta ló mọ orúkọ tí wọ́n ń pe odò yìí kí wọ́n tó kọ́ afárá sí i?" Ìbéèrè báyẹn ń mú èsì wá ju "Ẹ fi èrò yín sílẹ̀" lọ.

Ẹ rántí òfin pẹ̀lú. Láti oṣù Kẹfà 2023 ni Nàìjíríà ti ní Nigeria Data Protection Act. Ẹ kọ ojú-ìwé kúkúrú kan, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, tó sọ irinṣẹ́ tí ẹ ń lò, ohun tó ń gbà sílẹ̀ nípa òǹkàwé, àti bí ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe lè kọ̀. Ohùn tí àwọn àgbà ń fi ránṣẹ́ náà, ẹ gba àṣẹ wọn kí ẹ tó gbé e síta.

Ìròyìn tí ẹ máa gbé lọ fún ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju ojú-ìwé kan lọ. Ẹ kọ iye èèyàn tó padà wá lóṣù náà, kì í ṣe iye tó wá nìkan. Ẹ kọ ìtàn tí wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀ jù àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá. Ẹ kọ gúrúùpù ọmọ ìlú tó mú èèyàn wá jù, inú àwọn ará ibẹ̀ á dùn. Kí ẹ wá fi àtúnṣe méjì tàbí mẹ́ta láti inú ìwé àkọsílẹ̀ kún un, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ra fólówà kí iye yín lè tètè pọ̀, ẹ má gbà. Àwọn fólówà tí wọ́n ń tà kì í ka nǹkan, Facebook á sì máa gbé iṣẹ́ yín síwájú wọn, á rí i pé wọn ò bìkítà, kò sì ní gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó yẹ kó rí i mọ́.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kí ọmọkùnrin Ìlọrin yẹn bá yín so Site Kit mọ́ ọn nítorí pé ọwọ́ àwọn ọmọ yín ò tíì já a, ẹ san owó iṣẹ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, ní náírà. Àmọ́ Gmail tí wẹ́ẹ̀bù fúnra rẹ̀ ní, tí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ni kó fi ṣí àkáùǹtì Analytics àti Search Console. Kó ṣe é lójú yín. Bó bá parí, ẹ wọ Admin, ẹ wo ibi Account access management, kí ẹ rí i pé Gmail yín ni Administrator níbẹ̀. Bí ó bá fẹ́ máa wo àkójọ náà láti ràn yín lọ́wọ́, ẹ fi tirẹ̀ sí Viewer. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn mìíràn torí pé Gmail ẹni tó ṣe é ni wọ́n fi ṣí i, tí ẹni náà sì ti kó lọ sí ìlú òyìnbó.